Óòtì Àárọ̀ fún Ọmọ Tó Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí òbí máa ń béèrè jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dórí óòtì àti ọmọdé ló wà nísàlẹ̀ yìí. Èrò kan ló so gbogbo ìdáhùn mi pọ̀: ọmọ tó bá kọ óòtì, bó ṣe ń ṣe é lẹ́nu ló sábà máa ń kọ̀, kì í ṣe adùn rẹ̀. Nítorí náà, kí ọwọ́ tó kan agolo ṣúgà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí bí óòtì náà ṣe rí lẹ́nu padà.

Kí ló dé tí ọmọ mi fi máa ń tu óòtì jáde?

Óòtì fúnra rẹ̀ kò korò, kò kan, kò sì ta. Ṣùgbọ́n ó lè máa fà, ó lè ní kókó, ó sì lè jẹ́ pé apá kan rọ̀ nígbà tí apá kan ṣì le. Ọmọ kékeré kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé èyí, ló fi jẹ́ pé títu ni yóò tu ú.

Ohun tó ń mú kó máa fà ni irú fáíbà kan tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní beta-glucan. Bí fáíbà yìí bá ti bọ́ sínú omi gbígbóná, yóò yọ́ sínú omi náà, omi á sì ki. Bí ẹ bá ṣe ń rò ó tó lórí iná ni yóò ṣe máa jáde sí i. Ó ṣe mí láàánú pé fáíbà tó ń ṣe ara lóore yìí gan-an ló ń lé ọmọ sá, àmọ́ ọ̀nà wà láti sè é tí kò fi ní fà jù, a máa dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ orí náà tún ń bẹ níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2 sí ọdún 6, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fura sí oúnjẹ tí ojú wọn kò tíì mọ̀. Ọmọ tó ń jẹ gbogbo ohun tí ẹ bá gbé fún un nígbà tó wà ní ọmọ oṣù 9 lè pé ọdún 2 kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti abọ́ kúrò níwájú ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni, ó sì máa ń kọjá lọ lára ọ̀pọ̀ wọn.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ irú èyí tí ọmọ tèmi máa gbà?

Oúnjẹ tó ń jẹ láìsí ariwo ni kí ẹ wò. Ọmọ tó fẹ́ràn bisikíìtì àtàwọn nǹkan tó ń dún lábẹ́ eyín kò ní gba óòtì rírọ̀. Ẹ yan án fún un. Ọmọ tó fẹ́ràn yógọ́ọ̀tì ń wá ohun tó kúnná délẹ̀, tí eyín rẹ̀ kò ní kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ lọ óòtì tirẹ̀ kí ẹ tó sè é. Èyí tó jẹ́ pé búrẹ́dì ni tirẹ̀ fẹ́ ohun tó lè fọwọ́ mú, páńkéèkì óòtì ló máa bá a lára mu jù.

Àwọn kan tún wà tí kì í fẹ́ kí oúnjẹ méjì fara kanra. Bí èso bá ti wọnú óòtì, ó tán, wọn kò ní fẹnu kàn án mọ́. Ẹ bu óòtì tiwọn lásán sínú abọ́, kí ẹ to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ápù sínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè jẹ méjèèjì tán pátá, wọn kò ṣáà fẹ́ kó pàdé kó tó dẹ́nu ni.

Irú óòtì wo ló yẹ kí n rà?

Ọkà kan náà ni gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe gé e tí wọ́n sì ṣe é ló yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi irin gé sí wẹ́wẹ́ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí iná, ó sì máa ń le díẹ̀ lábẹ́ eyín. N kò ní fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ. Èyí tí wọ́n fi ooru omi sè díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ máa ń jinná láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Èyí tí wọ́n gé kéékèèké tí wọ́n sì tẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gbà ju ìṣẹ́jú 1 sí 2 lọ, ó sì máa ń kúnná ju ti ìṣáájú lọ. Èyí tó wà nínú sàṣẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ni wọ́n ń dà sí i, ni kí ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ṣúgà àti iyọ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa rà, ẹ ra èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọn kò fi ohunkóhun sí. Ẹ lè sè é, ẹ lè yan án, ẹ lè rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sì lè fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó kúnná.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi yẹ kí n ṣe gbogbo wàhálà yìí?

Nínú 40 gíráàmù óòtì gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ife, ẹ máa rí nǹkan bí kálórì 150, púrótíìnì tó tó gíráàmù 5, àti fáíbà gíráàmù 4. Ṣúgà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ yóò yó, ebi kò sì ní tètè padà wá pa á bíi ti ẹni tó jẹ oúnjẹ aládùn lásán.

Lọ́dún 1997, FDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí i kí wọ́n máa kọ ọ́ sára páálí óòtì pé fáíbà inú rẹ̀ lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí oúnjẹ yòókù bá bójú mu. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn o. Ní ti ọmọdé, yíyó tó yó dáadáa ló jẹ mí lógún jù.

Báwo ni mo ṣe máa sè é tí kò fi ní fà, tí kò sì ní ní kókó?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí pé níbí yìí ni ọ̀pọ̀ abọ́ ti ń bàjẹ́.

Ẹ lo ife kan óòtì sí ife méjì omi tàbí mílíìkì. Ife yòówù kó jẹ́, òun kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ da óòtì náà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná díẹ̀, kí ẹ máa yí i fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹ lè fi bọ́tà díẹ̀ sí i. Yíyan yìí máa ń jẹ́ kí óòtì kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò ní tètè yọ́ mọ́ ara wọn, adùn rẹ̀ á sì yàtọ̀. Ẹ bù ú jáde. Ẹ wá gbé omi tàbí mílíìkì kaná, ó di ìgbà tó bá hó kí ẹ tó da óòtì sí i. Ẹ dín iná kù. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ kàn máa yẹ ìdí rẹ̀ wò kó má bàa jóná. Ní ìṣẹ́jú 5, ẹ pa iná, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 2.

Óòtì máa ń ki sí i bó ṣe ń tutù. Èyí tó dára nínú ìkòkò lè ti dì gbagidi kí ọmọ tó jókòó tán. Nítorí náà, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ pamọ́, kí ẹ fi là á nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún un.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ tó fẹ́ kí ó kúnná ni, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ lọ óòtì gbígbẹ náà di ìyẹ̀fun, ẹ fi mílíìkì tútù pò ó kó má ní kókó, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e kaná, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹ má da ìyẹ̀fun yìí sínú omi gbígbóná láéláé, kókó ni yóò dì.

Iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ máa ń yọ adùn rẹ̀ jáde fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò iyọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀.

Omi ni kí n fi sè é ni àbí mílíìkì?

Ìdajì sí ìdajì ló dára jù lójú mi. Omi nìkan kì í jẹ́ kó ní adùn tó, mílíìkì nìkan sì tètè máa ń jó nídìí ìkòkò. Ẹ lè fi mílíìkì màlúù sè é fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ọmọ jòjòló títí ọmọ yóò fi pé oṣù 12. Láàárín ọdún 1 sí 2, mílíìkì tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Bí mílíìkì màlúù kò bá bá ọmọ lára mu, ti sóyà tí wọ́n fi kálísíọ̀mù sí ló sún mọ́ ọn jù ní ti púrótíìnì. Mílíìkì álímọ́ńdì àti ti óòtì kò ní púrótíìnì púpọ̀. Èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, torí èròjà olóró arsenic tó máa ń wà nínú ìrẹsì.

Bí kò bá sí ṣúgà, kì í jẹ ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣíbí kékeré méjì ni ẹ máa ń fi sí i, ẹ sọ ọ́ di ọ̀kan ààbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìdajì. Ẹnu ọmọdé tètè máa ń kọ́ nǹkan tuntun tí kò bá ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì fi ṣúgà náà sínú ìkòkò mọ́. Orí óòtì nínú abọ́ ni kí ẹ wọ́n ọn sí. Ahọ́n yóò kọ́kọ́ kàn án, ìwọ̀nba díẹ̀ á sì dùn bí èyí tó pọ̀.

Èyí tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ ni èso. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n gan-an, tí èèpo rẹ̀ ti ń ní àmì dúdú, ló dára jù, torí pé sítáàṣì inú rẹ̀ ti di ṣúgà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú óòtì látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ jinná. Bí ẹ bá gé e lé e lórí nìkan, adùn rẹ̀ kò ní tàn káàkiri. Ápù tí ẹ rin wọnú rẹ̀ náà dára, bẹ́ẹ̀ ni àjàrà gbígbẹ tàbí dàbínù tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tí ẹ jẹ́ kó rọ̀ nínú mílíìkì náà. Sínámọ́nì àti fàníílà kò ní ṣúgà nínú, síbẹ̀ òórùn wọn máa ń jẹ́ kó dà bíi pé oúnjẹ náà dùn sí i. Díẹ̀ ti tó.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, sọ lọ́dún 2016 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jẹ ṣúgà àfikún rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 18 má sì ju gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí kékeré 6. Ẹ fi ìyẹn wo ẹ̀yìn sàṣẹ́ẹ̀tì óòtì aládùn, ẹ máa rí i pé ibi tí ọmọ á ti jẹ ìdajì rẹ̀ kò jìnnà, ilẹ̀ ọjọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Oyin ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò, ì báà jẹ́ èyí tí a sè mọ́ oúnjẹ. Kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń fa àrùn botulism, àrùn tó ń mú kí iṣan ọmọ jòjòló dẹ̀, ó sì lè pa á. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu yẹn ti lọ, àmọ́ ṣúgà náà ni oyin ṣì jẹ́, ẹ fojú ṣúgà wò ó.

Ọmọ oṣù mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ óòtì?

Nǹkan bí oṣù 6, nígbà tó bá lè jókòó pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn díẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ sì ti dúró, kí ọmú sì máa bá a lọ. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sè é kó jinná dáadáa, ẹ sì kọ́kọ́ fún un ní óòtì nìkan láìfi oúnjẹ tuntun mìíràn sí i, kí ẹ lè mọ bó ṣe bá a lára mu.

Àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí óòtì máa ń bá jà lọ́nà kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ara wọn kò ní wú, kò ní yún wọn. Wákàtí 1 sí 4 lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, bíbì tí kò fẹ́ dá, ojú wọn á funfun, ara wọn á rọ. FPIES ni àwọn dókítà ń pè é. Ìrẹsì àti óòtì wà lára ohun tó sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ọsibítù tààrà. Ẹ má sì tún un fún un wò nílé láti mọ̀ bóyá òun ni.

Kò fẹ́ ohunkóhun tó rọ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ọ̀nà pọ̀. Páńkéèkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ife kan óòtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n, ẹyin méjì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú bílẹ́ńdà, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí óòtì lè fa omi mu. Bó bá ki jù, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ là á. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa páànù, kí iná má pọ̀, ẹ dà á kéékèèké, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ. Kékeré ṣe pàtàkì: ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ máa ń rí ohun ńlá bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ni apá kọ̀ọ̀kan máa gbà.

Èyí tí wọ́n ń yan nínú oven ni mo fẹ́ràn jù nítorí pé iṣẹ́ ìgbà kan ló máa bọ́ ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ife méjì óòtì, ife kan ààbọ̀ mílíìkì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí ẹ tẹ̀, ẹyin kan, ṣíbí kékeré kan páúdà tó ń mú kéèkì wú, àti sínámọ́nì. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ dà á sínú àwọn agolo kéèkì kéékèèké, kí ẹ yan án ní dígírì 180 ti Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Bó bá jẹ́ páànù kan ni ẹ da gbogbo rẹ̀ sí, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 35. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gé e gbọọrọ gbọọrọ bí ìka. Fún ọmọ tó ń fẹ́ ohun tó ń dún lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i.

Óòtì tí wọ́n kàn rẹ mọ́jú nínú fíríìjì, ṣé ó dára fún ọmọdé?

Ó dára. Óòtì pẹlẹbẹ ti gba ooru kó tó dé ọjà, nítorí náà kò di dandan kí ẹ tún sè é. Ẹ fi ìwọ̀n kan náà óòtì àti mílíìkì sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ fi yógọ́ọ̀tì tó tó ìdajì ìwọ̀n náà kún un, kó wà níbẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 4. Ó máa ń ki láìfà, torí pé kò kan iná. Mo ti rí ọmọ tó kọ óòtì gbígbóná délẹ̀délẹ̀ tó sì ń fi ṣíbí há ìdí ìgò èyí tó tutù. Bí kókó rẹ̀ bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, ẹ tún un lọ̀ ní bílẹ́ńdà ní òwúrọ̀.

Kí ni mo lè fi kún un tí yóò fi túbọ̀ fún un lókun?

Ẹyin. Nígbà tí óòtì bá ti jinná, ẹ lu ẹyin kan, ẹ bu óòtì gbígbóná díẹ̀ sínú ẹyin náà, ẹ pò ó, kí ẹ wá dà á padà sínú ìkòkò, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 títí tí ẹyin yóò fi jinná délẹ̀. Kò ní dà bí ẹyin, yóò kàn dán, yóò sì tẹ́ ẹnu lọ́rùn. Bí ẹ bá da ẹyin sínú ìkòkò gbígbóná lójijì, yóò dì síbẹ̀ ni.

Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná náà dára, ẹ pò ó wọnú rẹ̀ dáadáa kó má dúró gẹ́gẹ́ bí òkìtì, torí ó lè lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́fun. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n ń pè ní LEAP, fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí ewu wà fún pé ẹ̀pà lè máa bá wọn jà, àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà ní kékeré tí ẹ̀pà wá ń bá jà kò pọ̀ tó ti àwọn tí wọn kò fún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní ẹ́kísímà (àrùn awọ ara tó máa ń yún) tó le tàbí tí ẹyin bá ń bá a jà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Odindi ẹ̀pà àti àwọn èso líle tó jọ ọ́, ó di ẹ̀yìn ọdún 5. Àjàrà tútù, ẹ là á sí mẹ́rin ní òòró. Ápù tútù, ẹ rin ín tàbí ẹ sè é kó rọ̀.

Ṣé mo lè fi kárọ́ọ̀tì pa mọ́ sínú rẹ̀ láìsọ fún un?

Kárọ́ọ̀tì tí ẹ rin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ sè mọ́ óòtì pẹ̀lú sínámọ́nì dùn gan-an. Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pípamọ́. Ọmọ tó bá já a lójú ara rẹ̀ pé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo abọ́ wò láti ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ jẹ́ kó rí i bí ẹ ṣe ń rin ín. Bó bá fẹ́, kó tọ́ ọ wò.

Mo ti gbé e fún un nígbà mẹ́ta, ó kọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbà pé kò fẹ́ ẹ ni?

Ìgbà mẹ́ta kò tíì tó nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí ọmọ ṣe ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ ti rí i pé oúnjẹ tuntun lè nílò ìgbà 8 sí 15 kí ọmọ tó gbà á, rírí lásán sì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífọwọ́ kàn án àti gbígbóòórùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti ṣíwọ́ kó tó débẹ̀. Ẹ bu ṣíbí kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tó dá yín lójú pé yóò jẹ. Bó bá jẹ ẹ́, ó dára. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ kó o láìsọ̀rọ̀, kí ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì yí bó ṣe rí lẹ́nu padà.

Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, ní ìlànà kan tí mo fara mọ́ tọkàntọkàn. Òbí ló ni ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Ọmọ ló ni bóyá òun á jẹ, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ó ṣòro fún òbí láti wò kí ọmọ dìde lórí abọ́ tó kún, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ti ṣíbí bọ̀ lẹ́nu pẹ̀lú ẹkún, ẹkún ni yóò máa rántí nígbàkúùgbà tó bá rí óòtì. “Tó o bá jẹ ẹ́ tán, màá fún ẹ ní súwíìtì” kò dára jù ú lọ, torí pé ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé súwíìtì ni oúnjẹ gidi, óòtì sì ni ìyà tó gbọ́dọ̀ jẹ kó tó débẹ̀.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ ṣe. Kó fi ife wọn óòtì. Kó wọ́n sínámọ́nì. Kó yan nínú ohun méjì, kì í ṣe mẹ́fà: “Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lo fẹ́ kí n fi sí i àbí ápù?” Yálà ó mú ti ọ̀tún tàbí ti òsì, óòtì ló mú. Kí ẹ̀yin náà sì jókòó jẹ tiyín níwájú rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ṣíbí ńlá 3 sí 4 tó ti jinná ti tó fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún 1 sí 3. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè jẹ tó ìdajì ife. Bó bá béèrè sí i, ẹ fún un.

Ṣé irin inú rẹ̀ tó fún ọmọ?

Irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú óòtì, àmọ́ èròjà mìíràn nínú ọkà náà máa ń di ara lọ́wọ́ láti gba gbogbo rẹ̀. Fítámínì C máa ń tú u sílẹ̀. Nítorí náà, ọsàn tí ẹ bó fún un, sítírọ́bẹ̀rì tàbí máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe. Ẹ sì wo iye mílíìkì tó ń mu láàárín ọjọ́. Ọmọ tó ń mu mílíìkì ṣáá kì í fẹ́ jẹun, irin rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Kò yẹ kó kọjá nǹkan bí mílílítà 500 lójúmọ́ lẹ́yìn ọdún kan.

Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ óòtì, ìgbẹ́ rẹ̀ ń le. Kí ló fà á?

Omi kò tó. Fáíbà máa ń fa omi mu. Ẹ fún un lómi pẹ̀lú oúnjẹ àti láàárín ọjọ́, kí ẹ sì dín bó ṣe pọ̀ kù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó máa fi kún un padà.

Ọmọ mi ní àrùn celiac. Ṣé ó lè jẹ óòtì?

Gluten, púrótíìnì kan tó wà nínú àlìkámà àti báálì, ni kì í bá ẹni tó ní àrùn celiac lára mu. Óòtì kò ní gluten irú ti àlìkámà, ṣùgbọ́n oko àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àlìkámà àti báálì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe óòtì náà, wọ́n á sì dà pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ kedere pé kò ní gluten nìkan ni kí ẹ rà, kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì mọ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn díẹ̀ wà lára àwọn tó ní àrùn yìí tí óòtì fúnra rẹ̀ kì í bá lára mu.

Àárọ̀ kì í gbà mí láyè rárá. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣe gbogbo èyí?

Alẹ́, tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Óòtì sísè tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí 2 tí ẹ sọ̀ ọ́, ó lè lo tó ọjọ́ 3 níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e gbóná, ẹ fi mílíìkì là á kó lè padà rọ̀. Bó bá jẹ́ pé máíkírówéèfù ni ẹ lò, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ sì tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ, torí inú rẹ̀ lè gbóná gan-an nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Páńkéèkì àti èyí tí ẹ yan lè wà nínú fíríísà fún oṣù 2 sí 3. Ẹ to wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n dì kí ẹ tó kó wọn sínú ọ̀rá kan, kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Méjì ní àárọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí páànù, ó parí.

Nígbà wo ni ó yẹ kí n mú un lọ rí dókítà?

Bó bá ń rù, tàbí tí kò sanra sí i fún ìgbà pípẹ́. Bó bá ń wúkọ́, tó ń bì, tàbí tí ọ̀fun ń há a nígbàkúùgbà tó bá ń jẹun. Bí ojú rẹ̀ bá ń funfun tó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí iye oúnjẹ tó ń gbà bá ń dín kù lóṣooṣù dípò kó máa pọ̀ sí i, tàbí tó jẹ́ pé odindi irú oúnjẹ kan, bí ohun rírọ̀ gbogbo, kò jẹ́ wọ ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ti kọjá ṣíṣa oúnjẹ jẹ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ohun tó jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó rọ̀, ó gbẹ, ó kúnná, ó ní kókó. Dókítà lè má béèrè èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kà á fún un.